Ẹlẹ́rìí Táyà Ìlésanmí

"Kílò ẹgbẹ̀jọ," ni ohùn inú òṣùwọ̀n ẹnubodè wí. "Ó ku díẹ̀ kó kọjá ààlà. Ọ̀nà dígí lè gbà á."

Àwọn èrò tó dúró létí ọ̀nà rẹ́rìn-ín. Ògúndáhùnsi, tó jókòó sídìí sítíárìn ọkọ̀ rẹ̀, Àgbò, kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Ó ti mọ ìwọ̀n ọkọ̀ rẹ̀ kó tó gbé e wá. Ó ti yọ rédíò, ó ti yọ àga ẹ̀yìn, ó tilẹ̀ ti fá ọ̀dà ara ọkọ̀ náà níbi tí ojú kò tó, síbẹ̀ irin ni irin ń jẹ́. Ó wa Àgbò kúrò lórí òṣùwọ̀n, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá ń dúró de ohun tó mọ̀ pé òun máa gbọ́.

Lékeléke gun òṣùwọ̀n. Ọkọ̀ funfun náà kò dún rárá. Òparun tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi oje igi lẹ̀ pọ̀, ni wọ́n fi ṣe é láti iwájú dé ìdí, bátìrì rẹ̀ kò sì ju àpótí bàtà lọ.

"Kílò ẹgbẹ̀rin."

Ariwo sọ. Ìdajì Àgbò gan-an ni. Ìlésanmí yọ orí lójú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì.

Owú ń jẹ Dáhùnsi. Ó ti gbìyànjú láti pè é ní orúkọ mìíràn. Ó ti pè é ní àárẹ̀, ó ti pè é ní òtútù tó wọ eegun, ṣùgbọ́n owú ni, òun náà sì mọ̀. Kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ eléyìí: òun ló kọ́ Ìlésanmí ní ọkọ̀ wíwà. Nígbà tí gbogbo ayé ti gbàgbé pé ọwọ́ ènìyàn lè darí ọkọ̀, tí kálukú kàn ń wọlé jókòó, tí wọ́n ń sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún ẹ̀rọ, òun ló gbé ọwọ́ ọ̀dọ́kùnrin yìí lé sítíárìn, tó ní kó má fún un lọ́rùn, kó dì í mú bí ẹni di ẹyin mú. Àwọn ọwọ́ tó kọ́ nìyẹn o, tí wọ́n fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ lónìí.

"Fífúyẹ́ kọ́ ni gbogbo nǹkan," ni Ráìmì ń wí láàárín èrò. Ráìmì kò wa ọkọ̀ rí, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ tí kò mọ ìtàn rẹ̀. "Ọkọ̀ tó wúwo ló mọ yìnyín tẹ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́, rọ́bà á bá a mú. Èyí tó fúyẹ́ á kàn máa léfòó lórí rẹ̀ ni."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ títẹ̀?" Fọ́láṣayọ̀ dá a lóhùn. Kò sí ìdíje òkè tí obìnrin náà kì í wá wò, òun ni wọ́n sì máa ń gbé aago lé lọ́wọ́. "Èwo ló lè dúró ni kí o béèrè. Kí o gbé kílò ẹgbẹ̀jọ dé kọ́nà Ẹ̀yìn Àpáta, kí o tẹ bíréèkì, kí a wò ó bóyá yóò gbọ́. Ẹrù tó ń tì ọ́ lẹ́yìn níbẹ̀ kò mọ̀ pé o ti tẹ bíréèkì."

"Ìyẹn náà ni wọ́n ṣe ń lo táyà oníṣòó láyé bàbá mi."

"Láyé bàbá rẹ, ọ̀dà ni ọ̀nà. Fi ìṣó kan ha ojú dígí yìí kí o wò ó, bí kò bá jẹ́ pé gbogbo ilé ìwòsàn ni yóò wà lókùnkùn títí di ọ̀la."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́ ni ọ̀nà náà ń tàn lábẹ́ yìnyín, ó ń fa ìwọ̀nba oòrùn tó kù mu fún iná ìlú. Láti ìgbà tí wọ́n ti ta aṣọ sójú ọ̀run kí ayé lè tutù díẹ̀, tí ayé wá tutù ju bí wọ́n ṣe rò lọ, oòrùn kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ ní òkè Ẹ̀fọ̀n. Oṣù méjì péré ni ẹ̀ẹ̀rùn, ìyókù di ọ̀gìnnìtìn.

Ọ̀gá Ọmọ́wùnmí jáde láti inú àgọ́ ẹnubodè. Aṣojú Ilé-Iṣẹ́ Ọ̀nà Dígí ni, obìnrin gíga tó máa ń so sípánà mọ́ ìbàdí bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń so kọ́kọ́rọ́. Ó pe àwọn awakọ̀ méjèèjì síwájú.

"Ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òfin ní kí n wí i. Ìkùukùu òkè ń fọ́ ẹ̀rọ lójú lásìkò yìí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba ọwọ́ ènìyàn láyè ní ìlú yìí, ọwọ́ ẹyọ ẹnì kan. Ẹni tó bá yára jù dé Ẹ̀fọ̀n ló ni sítíárìn títí yìnyín yóò fi yọ́. Ẹnìkejì, màá tú tirẹ̀ lónìí."

Dáhùnsi ni sítíárìn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Òun ló ń gbé aláboyún kọjá nínú ìkùukùu, òun ló ń gbé oògùn, òun ló ń gbé olùkọ́. Bó bá ń kọjá, àwọn àgbàlagbà máa ń dúró kí i: "Ọwọ́ Ìlú, ẹ kú iṣẹ́ o." Kò lówó, kò bí ọmọ púpọ̀, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Bí wọ́n bá tú sítíárìn yẹn, kò mọ ohun tí wọ́n máa máa fi kí òun.

"Ẹ jẹ́rìí táyà ara yín," ni Ọ̀gá Ọmọ́wùnmí wí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Òfin kò jẹ́ kí ẹ̀rọ dá sí táyà ẹni tó ń díje. Wọ́n ní ohun tí ọwọ́ máa wà, ọwọ́ ni kó jẹ́rìí sí i, ọwọ́ ẹni tó ń bá ọ du nǹkan náà sì ni, nítorí òun nìkan ni kò ní ṣojú àánú sí ọ. Ìlú ń fún awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìdì táyà ọ̀gìnnìtìn kan ṣoṣo, rọ́bà tútù tó ń rọ̀ bí ẹ̀kọ kódà nínú òtútù, ìwọ̀n kan náà fún ọkọ̀ gbogbo. Bí tìrẹ bá bàjẹ́, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ìlésanmí ló kọ́kọ́ lọ sídìí Àgbò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ táyà iwájú lẹ́ẹ̀kan, ó dìde. Kò tilẹ̀ dé ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Ó dára," ó wí. "Bọ̀ọ̀dá Dáhùnsi kì í gbé táyà burúkú wá. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ táyà wọn wò, kó lọ yẹ ti ara rẹ̀ wò ná."

Èrò pàtẹ́wọ́ fún un. Àní ìyìn tí wọ́n ń yin Dáhùnsi, ọwọ́ Ìlésanmí ló ti ń jáde báyìí. Dáhùnsi gbé e mì. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó lọ sídìí Lékeléke.

Bí Lékeléke ṣe kúrò lórí òṣùwọ̀n ni Ìlésanmí ti fi aṣọ ìbora tó ń móoru bo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ràn nǹkan rẹ̀. Dáhùnsi ká aṣọ kúrò lára táyà iwájú, ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ ojú rẹ̀. Ó rọ̀. Ó fẹ́ dìde, àmọ́ nǹkan kan ní kó má tíì gbé ọwọ́ kúrò. Ó dúró. Afẹ́fẹ́ òkè ń fẹ́ sí i léjìká. Ooru aṣọ ìbora ń jáde kúrò lára rọ́bà náà díẹ̀díẹ̀, bí ó sì ti ń jáde ni rọ́bà ń le lábẹ́ ìka rẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi èékánná gún un. Èékánná kò wọlé. Ó fi ìka kàn án, ó dún kó, kó.

Ó mọ ìdí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ibi tó ti mọ̀ ọ́n kò sì dùn mọ́ ọn nínú. Jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni Ìlésanmí fi ń fi táyà ọ̀gìnnìtìn gbé Lékeléke káàkiri ìlú, nítorí pé ojú rẹ̀ jinlẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ọkọ̀ náà dúró dáadáa lójú ẹni tó ń wò ó. Ó ń gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù nínú oòrùn ọ̀sán gangan kí àwọn tó ń kọjá lè ya àwòrán rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó kíyè sí i pé táyà wo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Dáhùnsi kíyè sí i nítorí pé kò lè gbé ojú kúrò lára ọkọ̀ náà. Ìyàwó rẹ̀ á ní kó wá jẹun, yóò ní òun ń bọ̀, yóò tún dúró lójú fèrèsé kí Lékeléke lè kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i kí inú lè bí i dáadáa. Owú ló fi ṣọ́ ọkọ̀ yẹn, owú náà ló wá jẹ́ kó mọ ohun tó mọ̀. Oòrùn ti jẹ rọ́bà yẹn. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó lè gbìyànjú. Ní kọ́nà Ẹ̀yìn Àpáta, níbi tí ẹni tó di sítíárìn mú ṣáájú Dáhùnsi gbà lọ tí kò padà, kò ní mú nǹkan kan.

"Ẹlẹ́rìí, kí lẹ wí?" Ọ̀gá Ọmọ́wùnmí béèrè.

Dáhùnsi tún fi èékánná gún rọ́bà náà.

"Mo ní láti rán yín létí. Bí ẹ bá ní ó dára, ó ti parí, ẹ̀yin méjèèjì á gòkè. Bí ẹ bá ní kò dára, táyà tiyín ni ẹ ó yọ fún un, ẹ̀yin á sì dúró sílẹ̀. Kí wọ́n má baà máa fi ẹnu lásán ba ti ẹlòmíràn jẹ́ ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ òfin náà, mà."

Ó ṣì bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lára táyà. Tó bá ní "Ó dára," kò tíì parọ́ pátápátá. Ó rọ̀ nígbà tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Gbogbo èrò rí i pé ìka rẹ̀ wọlé. Ta ni yóò mọ̀? Ọkọ̀ yóò yọ̀ ní kọ́nà, wọ́n á ní fífúyẹ́ ló pa á, Ráìmì á ní òun ti wí bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn á wá sunkún. Òun náà á sunkún, ẹkún tòótọ́ ni yóò sì jẹ́. Sítíárìn á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò ó já délẹ̀, ó rí ara rẹ̀ bó ṣe ń gba ìkíni níbi òkú Ìlésanmí.

Ó gbé ojú sókè. Ìlésanmí ń wò ó, kò fura sí nǹkan kan, ó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kó lè rọ̀ fún sítíárìn, gẹ́gẹ́ bí Dáhùnsi ti kọ́ ọ.

"Kò dára," ni Dáhùnsi wí.

Ìlésanmí gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu.

"Kí lẹ wí, Bọ̀ọ̀dá?"

"Mo ní kò dára. Ó ti le. O fi rìn nínú ẹ̀ẹ̀rùn."

"Ó ti le báwo? Ìka yín wọlé, gbogbo wa la rí i." Ìlésanmí súnmọ́ ọn, ojú rẹ̀ ti yí padà. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ tún un tẹ̀."

"Aṣọ ìbora ló rọ̀ ọ́. Jẹ́ kó wà nínú afẹ́fẹ́ yìí fún ìgbà díẹ̀ sí i, kí o fi èékánná rẹ gún un."

"Ẹlẹ́rìí ti wí tirẹ̀," Ọ̀gá Ọmọ́wùnmí dá sí i. "Ẹyin lohùn. A kì í jẹ́rìí táyà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ gbé jáàkì wá."

Ohun tó ba Dáhùnsi lẹ́rù jù ni bí ara rẹ̀ ṣe fúyẹ́ lẹ́yìn tó sọ ọ́. Ó rò pé inú òun yóò bàjẹ́ nítorí sítíárìn, tàbí pé yóò dùn nítorí ohun rere tí òun ṣe. Kò rí méjèèjì. Ohun tó rí ni pé kò ní gòkè mọ́, Lékeléke kò sì ní nà án lójú gbogbo ìlú. Ìtura ni, bíi ti ẹni tó ṣàìsàn lọ́jọ́ ìdánwò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú nọ́ọ̀tì táyà rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a tú u, kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀.

Etí rẹ̀ kò di, ó sì gbọ́ ohun tí Ráìmì ń sọ. "Ọgbọ́n àgbà rè é. Kí wọ́n nà ọ́, àbí kí o kúkú dúró sílẹ̀ kí wọ́n máa pè ọ́ lólóore, èwo ni ìwọ yóò mú?"

"Kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀," ni Fọ́láṣayọ̀ wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dúró dáadáa.

Wọ́n pààrọ̀ táyà. Ti Àgbò bọ́ sẹ́sẹ̀ Lékeléke, ti Lékeléke bọ́ sẹ́sẹ̀ Àgbò kí irin rẹ̀ má baà jókòó sórí dígí. Ìlésanmí wọ ọkọ̀ rẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Fọ́láṣayọ̀ gbé aago sókè, ó ju ọwọ́ sílẹ̀, ọkọ̀ funfun náà sì gbéra.

Dáhùnsi ti wo ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó gun òkè yẹn, ṣùgbọ́n kò rí irú èyí rí. Fífúyẹ́ ọkọ̀ náà pẹ̀lú rọ́bà tútù tó ti ara Àgbò wá bára mu pátápátá. Ó wọ kọ́nà kìíní, kò yọ̀. Ó wọ ìkejì. Ní Ẹ̀yìn Àpáta, wọ́n rí i lókè réré bó ṣe dín eré kù tán, tó rọra yí, tó tún mú eré rẹ̀ padà kí ìkùukùu tó gbé e mì. Dáhùnsi mọ bí ọwọ́ ṣe gbọ́dọ̀ rí lórí sítíárìn kí ìyẹn tó ṣeé ṣe, nítorí pé ọwọ́ tòun kò rí bẹ́ẹ̀ rí níbẹ̀. Owú rẹ̀, tó rò pé òun ti san án tán, tún dìde dúró. Kò tíì sí ọjọ́ kan tó jowú táyà, àfi òní.

Láti òkè ni ìró ti dé pé Ìlésanmí wọ Ẹ̀fọ̀n. Aago tó lò kéré sí èyí tó kéré jù tí Dáhùnsi lò rí, ó kéré sí i dáadáa. Fọ́láṣayọ̀ kà á sókè, lẹ́yìn náà ó wo Dáhùnsi, ó tọrọ àforíjì. Òun náà kò mọ ohun tó ń tọrọ àforíjì fún.

Nígbà tí Lékeléke padà sísàlẹ̀, wọ́n gbé Ìlésanmí lé èjìká. Ẹnì kan pè é ní Ọwọ́ Ìlú, àwọn tó kù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé òun sọ̀ kalẹ̀. Ó rìn wá sídìí Àgbò, níbi tí Dáhùnsi dúró sí, àwọn èrò sì tẹ̀ lé e.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣeun fún táyà yín."

"Kò tọ́pẹ́."

"Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan, ẹ má bínú." Ó rẹ ohùn sílẹ̀, síbẹ̀ gbogbo wọn ló gbọ́. "Ṣé lóòótọ́ ni táyà mi le, àbí ẹ̀rù ló bà yín?"

Dáhùnsi wò ó. Ó lè ní lóòótọ́ ni ó le, kí ó fajú ro. Àmọ́ ẹni tó ti rí ara rẹ̀ bó ṣe ń gba ìkíni níbi òkú ọmọ tó kọ́, ó ṣòro fún un láti máa pe ara rẹ̀ ní olódodo láàárọ̀ ọjọ́ kan náà.

"Méjèèjì ni," ó wí.

Ráìmì rẹ́rìn-ín, àwọn kan bá a rẹ́rìn-ín. Ìlésanmí kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mi orí bí ẹni tó gba ìdajì ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ìdajì tó sì gbà gbọ́ hàn lójú rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún un, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń dúró dè é.

Ọ̀gá Ọmọ́wùnmí tú sítíárìn Àgbò fúnra rẹ̀. Kò pẹ́. Ó gbé e sábẹ́ apá, ó ní kí Dáhùnsi máa fi táyà Lékeléke lọ ilé, nítorí pé táyà tó bá gòkè kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni tó gbé e gòkè títí ọ̀gìnnìtìn yóò fi kọjá. Lẹ́yìn náà ó ki ọwọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ó wí. "Ẹ má wò ó bẹ́ẹ̀." Ó dúró kí Dáhùnsi wọlé jókòó, ó pa ilẹ̀kùn dé.

"Ẹ kú ìjókòó, ọ̀gá," ni ohùn kan wí nínú ọkọ̀. "Níbo là ń lọ?"

Dáhùnsi fò nínú àga. Ọkọ̀ tí ọwọ́ ènìyàn ń wà kì í sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tó ti ní Àgbò, kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Ó sọ fún un pé ilé ni.

Àgbò gbéra. Ó ń rìn bí ìyá arúgbó tó ń wá abẹ́rẹ́. Obìnrin kan tó ru igi ìdáná kọjá lára rẹ̀, ó wo inú ọkọ̀, ó rí ẹni tó wà níbẹ̀, ó sì yára gbójú kúrò. Ojú ti Dáhùnsi.

"Yára díẹ̀ sí i," ó wí. "Ọ̀nà tó tẹ́jú rèé."

"Mi ò lè yára, ọ̀gá. Táyà ẹsẹ̀ mi ti le. Oòrùn ti jẹ ẹ́. Bí mo bá kọjá eré yìí, kò ní lè dúró ní kọ́nà kankan."

Dáhùnsi yí ọrùn padà. Ẹnubodè ti jìnnà. Gbogbo wọn pagbo yí Lékeléke ká, wọ́n ń fọwọ́ pa á lára, kò sì sí ẹni tó wo ọ̀nà ibi tó wà. Ó lè ní kí Àgbò ṣẹ́rí padà kó lọ wí i lójú gbogbo wọn. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti gbéra, wọ́n ń wá sítíárìn níbi tí kò sí nǹkan kan mọ́. Ó kó wọn lé itan.

"Tún un sọ," ó wí.

"Táyà ẹsẹ̀ mi ti le, ọ̀gá."

"Tún un sọ."

Àgbò tún un sọ. Kò jẹ́ kó sinmi títí wọ́n fi dé ilé.